Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Wà Lọ́wọ́ Àwọn Tiwa

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ fíìmù kan ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. A mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ fíìmù, wọn á ní kí ló kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí nínú rẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún wa. Eléyìí kì í ṣe eré. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi gan-an ni wọ́n jókòó síwájú kámẹ́rà, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn ròyìn bí wọ́n ṣe ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni The Look of Silence. Àwọn ará Indonesia ń pè é ní Senyap. Joshua Oppenheimer, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Denmark, ló ṣe é, ó sì jáde ní 2014. Ṣáájú rẹ̀, ní 2012, ló ti gbé The Act of Killing jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ni àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwa kan wò ó tán. Arákùnrin kan ní kò yẹ kí a máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní Indonesia wà lára àwọn ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù lọ láyé, àti pé Ànábì kọ́ wa pé ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ náà lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Hádíìsì ni, òdodo sì ni. Arábìnrin kan wá bi í pé, àṣírí ta ni à ń bò? Ti ẹni tó pa ènìyàn ni àbí ti ẹni tí wọ́n pa? Ilé pa rọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù September 1965 mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù October, àwọn sójà kan ní Jakarta jí ọ̀gágun 6 àti ọ̀gá sójà kékeré kan gbé. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì ju òkú wọn sínú kànga. Ọ̀gágun Suharto gba àkóso àwọn ológun, ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn kọ́múníìsì tí wọ́n ń pè ní PKI ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ bíi mílíọ̀nù 3 nígbà yẹn. Bí a bá yọ Ṣáínà àti Soviet kúrò, kò sí ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó tóbi tó o láyé. Láti oṣù October yẹn wọ inú 1966, wọ́n pa àwọn ènìyàn tí àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù sí nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn mìíràn ní ó tó mílíọ̀nù 1. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún mìíràn sí àtìmọ́lé láìgbẹ́jọ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú ni kò mọ ohunkóhun nípa ikú àwọn ọ̀gágun wọ̀nyẹn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n, òṣìṣẹ́ oko rọ́bà, obìnrin tó wọ ẹgbẹ́ obìnrin, ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí owó oṣù lè lé díẹ̀.

Suharto wà lórí àga títí di ọjọ́ 21 oṣù May 1998. Àwọn tó pa ènìyàn kò sá lọ síbì kankan. Àwọn kan di aṣòfin, àwọn kan di baálẹ̀, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n pa sì ń kí wọn lójú pópó. Ní ọdún 1984 ìjọba ṣe fíìmù tirẹ̀, gígùn rẹ̀ lé ní wákàtí 4, ó sì ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣàn lọ́dọọdún. Wọ́n ń fi ipá mú àwọn ọmọ ilé ìwé wò ó. Ohun tí ìjọba ń kọ́ wọn ni pé àwọn kọ́múníìsì dá àwọn ọ̀gágun lóró, pé wọ́n yọ ojú wọn. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù October 1965, Suharto fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí àwọn dókítà yẹ àwọn òkú náà wò. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí: ojú ọta ìbọn àti àpá lílù. Wọn kò rí ojú tí ẹnikẹ́ni yọ. Ìwé náà kò jáde sí gbangba àfi ní 1987, nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, àwọn tó ń pa irọ́ yẹn fún àwọn ọmọdé mọ̀ pé irọ́ ni.

Adi Rukun ni fíìmù Senyap tẹ̀ lé. Iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe. Ó ń yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò ní abúlé, ó sì ń bá wọn wá awò tí wọn yóò fi ríran. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ramli, wà lára àwọn tí wọ́n pa ní Àríwá Sumatra. Wọ́n gún un, ó sá délé pẹ̀lú ọgbẹ́, wọ́n tún wá mú un níwájú ìyá rẹ̀, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni àwọn ń gbé e lọ. Odò tí wọ́n ń pè ní Odò Ejò ni wọ́n gbé e lọ. Wọn kò tíì bí Adi nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó rí àwòrán tí Oppenheimer ti yà ṣáájú, níbi tí ọkùnrin méjì ti ń fi bí wọ́n ṣe pa àwọn ènìyàn ní etí odò yẹn ṣeré, tí wọ́n sì ya fọ́tò ìrántí síbẹ̀ bí ẹni tó lọ sóde ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Adi bá gbé àpótí awò rẹ̀, ó lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò mú ọ̀bẹ dání, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń yẹ ojú wọn wò, ó sì ń bi wọ́n léèrè.

Ohun tí wọ́n sọ ni kò jẹ́ kí àwa lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n pa kò mọ Ọlọ́hun, wọn kì í kírun. Wọ́n ní bí ẹni tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá mu nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, yóò ya wèrè, nítorí náà àwọn mu ún. Mùsùlùmí ló ń sọ èyí o, ẹni tó mọ̀ láti kékeré pé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ haráàmù gẹ́gẹ́ bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe jẹ́ haráàmù! Ó lè kọ ẹlẹ́dẹ̀ lórí tábìlì, kó sì mu ẹ̀jẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí ìbéèrè Adi bọ́ síbi tó ń dùn ún, ó bínú, ó ní ìbéèrè rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Òmíràn, tó wà nílé aṣòfin, ní bí wọ́n bá ń tú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wò, ó lè tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

A ó padà wàyí sí ọ̀rọ̀ ìbòjú àṣírí, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ wa fi kọ́ wa ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sì wà lọ́tọ̀. Bí arákùnrin rẹ bá mutí ní kọ̀rọ̀, tí o rí i, bò ó, kí o gbà á nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jí màlúù ẹlòmíràn, ìwọ kọ́ lo ni màlúù, o kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi dákẹ́ fún un. Bí ó ṣe rí nípa màlúù nìyẹn, mélòó mélòó wá ni ẹ̀mí? Ànábì ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe ìdájọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àlùkùránì sì pa á láṣẹ nínú Súrà An-Nisáì pé kí á dúró ti òdodo, kí á sì jẹ́rìí nítorí Ọlọ́hun, ìbáà jẹ́ lòdì sí ara wa, sí òbí wa tàbí sí ìbátan wa. A máa ń ka áyà yẹn dáadáa nígbà tí ẹ̀rí bá lòdì sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun Mẹ́kà. Ànábì rán Khalid ọmọ Walid sí àwọn Banu Jadhimah pé kó pè wọ́n sínú ẹ̀sìn. Wọn kò mọ bí a ṣe ń sọ pé a ti gba Ìsìláàmù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ sọ ọ́. Khalid bá ń pa nínú wọn, ó ń kó nínú wọn lẹ́rú. Nígbà tí ìròyìn kan Ànábì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì sọ fún Ọlọ́hun lójú gbogbo ènìyàn pé òun kò lọ́wọ́ sí ohun tí Khalid ṣe. Khalid yìí kan náà ni akọni tí à ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ wa. Ìtàn ìgbésí ayé Ànábì sì ròyìn pé ó fi owó rán Ali sí wọn láti san ẹ̀tọ́ òkú wọn àti ti dúkìá wọn tó bàjẹ́, títí kan ohun tí ajá wọn fi ń mu omi. Àwọn ọ̀tá Ìsìláàmù pọ̀ nígbà yẹn ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn tó lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ wà nítòsí. Ànábì kò tìtorí wọn bò ó.

Èyí tó kan àwa ọ̀dọ́ gan-an kò hàn púpọ̀ nínú fíìmù náà, a ní láti wá a níbòmíràn. Ní Ìlà-Oòrùn Java, àwọn ológun kò fi ọwọ́ ara wọn nìkan ṣiṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ni wọ́n lò, pàápàá Ansor, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tó tóbi jù lọ nílẹ̀ náà, Nahdlatul Ulama. Ansor! Orúkọ àwọn ará Mẹ̀dínà tó gba àlejò sílé, tó fi oúnjẹ ara wọn fún ẹni tí ebi ń pa, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀dọ́ bíi tiyín ni wọ́n, wọ́n ń ṣe ìpàdé bí a ṣe ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ́ kéwú bí a ṣe ń kọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n gbé orúkọ lé wọn lọ́wọ́. Ta ló yẹ orúkọ náà wò? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Usamah ọmọ Zayd pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti sọ gbólóhùn ẹ̀rí, ó ní ìbẹ̀rù ló mú un sọ ọ́. Ànábì bi í bóyá ó la àyà rẹ̀ wò. Bí sàábé kò bá lè la àyà ẹni tó ti bá a jà wò, ta ni ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ fi ìwé orúkọ mọ ohun tó wà nínú ọkàn àgbẹ̀ tó ti sùn?

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó sì rò pé ẹ̀sìn ni ó pa àwọn ènìyàn náà. Àwọn ológun ló ṣètò rẹ̀. Ní erékùṣù Bali, níbi tí ọ̀pọ̀ jù jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, wọ́n pa nǹkan bí 80,000 ènìyàn, àwọn ará Bali ló sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú tí The Act of Killing fi hàn ní Medan, Pemuda Pancasila, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀sìn rárá. Anwar Congo tí fíìmù yẹn dá lé lórí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sinimá lọ́nà àìtọ́ nígbà èwe rẹ̀, lára àwọn fíìmù Amẹ́ríkà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà fún ènìyàn lọ́rùn. (Ẹ̀yin tó ń sọ pé ohun téèyàn ń wò kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ẹ gbọ́ o.) Ó kú ní 2019, kò sí kóòtù kankan tó pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà la kò gbọdọ̀ sọ pé ìkórìíra náà kò ní orísun. Ní 1948, ní agbègbè Madiun, àwọn kọ́múníìsì pa àwọn àlùfáà àti ọmọ kéwú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ń fipá gba ilẹ̀, ilẹ̀ àwọn àlùfáà ńlá sì wà nínú rẹ̀. Fíìmù náà kò sọ èyí, àlébù kan nìyẹn lójú tiwa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ẹranko kan báyìí ni àwọn ènìyàn náà, tí kò jọ wá. Wọ́n jọ wá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ rí ni wọ́n, wọ́n sì gbẹ̀san lára ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́? Kíá ni àwọn kan nínú wa ti fa ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, ara sì tù wá díẹ̀. Òótọ́ ni. Òṣìṣẹ́ ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Jakarta fún àwọn ológun ní orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ PKI. Ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1990, àwọn ìwé àṣírí tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2017 sì fi hàn pé wọ́n mọ bí ìpànìyàn náà ṣe ń lọ. Nínú Senyap pàápàá, Oppenheimer fi ìròyìn tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan láti 1967 hàn, tó ń sọ ọ́ bí ìhìn ayọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ló fi tú ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kọ́ ló di àdá mú létí Odò Ejò. Ànábì ní kí á ran arákùnrin wa lọ́wọ́, bó ṣe alábòsí, bó ṣe ẹni tí wọ́n bò sí; nígbà tí wọ́n bi í bí a ó ṣe ran alábòsí lọ́wọ́, ó ní kí á dì í lọ́wọ́ mú. Kò ní kí á wá ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kí á lè fojú fo tirẹ̀.

Àwọn kan tún ní òyìnbó ló ṣe fíìmù náà, pé kí ló kàn án. Ẹ wo àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tó bá parí: ọ̀pọ̀ ọmọ Indonesia wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ orúkọ wọn sí, nítorí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Ìdílé Adi kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé, wọ́n lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù November 2014, èrò rẹpẹtẹ wá wò ó ní Jakarta. Nígbà tó fi di oṣù December, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ti fòfin de fífi í hàn ní gbangba. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wò ó nínú ilé àti ní yunifásítì.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde láàárín àwọn ńlá Mùsùlùmí ibẹ̀ kì í ṣe òyìnbó. Abdurrahman Wahid ni, tó ti darí Nahdlatul Ulama fún ọdún 15, tí bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nígbà tó di ààrẹ, ní ọdún 2000, ó tọrọ àforíjìn nítorí ipa tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó, ó sì dábàá kí wọ́n fagi lé òfin 1966 tó de ẹgbẹ́ náà. Àwọn Mùsùlùmí kan jáde sí ìgboro láti ta kò ó. Òfin yẹn kò kúrò nílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú NU ní Yogyakarta dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Syarikat, tó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti kó àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn tí wọ́n bò sí àti àwọn àlùfáà jọ sójú kan. Àwọn bàbá kan bínú sí wọn. Wọ́n ń ṣe é lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù January 2023, Ààrẹ Joko Widodo gbà ní gbangba pé ìwà ìkà ńlá wáyé ní 1965 sí 1966, ó sì kẹ́dùn, àmọ́ ẹjọ́ kankan kò tẹ̀ lé e.

Ohun kan kù tí a fẹ́ kí ẹ wò dáadáa bí ẹ bá rí fíìmù náà, pàápàá ẹ̀yin arábìnrin. Ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn apànìyàn tí Adi lọ bá ní àwọn kò mọ̀, kó má dá àwọn lágara. Obìnrin kan jókòó ti bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó. Ó máa ń fi bàbá náà yangàn tẹ́lẹ̀ pé ó gbógun ti àwọn kọ́múníìsì. Níwájú Adi ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé bàbá òun mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò lé Adi jáde, kò sì pè é ní òpùrọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji bàbá òun, kó sì mú àwọn bí ẹbí. Bàbá náà jókòó níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ló bẹ̀bẹ̀.